Ilé Tí A Gbé Kí Ògiri Rẹ̀ Tó Dúró

Alága ìjókòó òní, ìyá tó bí Nọ́ọ̀sì wa, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níwájú, mo júbà. Ẹ̀yin ará àdúgbò tí ẹ sọdá títì wá bá wa ṣeré, ẹ káàbọ̀, ilé yín náà nìyí. Ẹ̀yin bíríkìlà tí ẹ mọ ògiri yìí, tí ẹ ń nu ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lónìí bí ẹni pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fi bàtà tẹ simẹ́ńtì tútù pálọ̀ wa, tí a fi ní kí ẹ tún un ṣe, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ wẹ́wẹ́ tí ẹ wà lábẹ́ tábìlì, mo rí yín, ẹ má fa aṣọ tábìlì. Àti ẹ̀yin tí a jọ ń jí, tí a jọ ń sùn, tí a jọ ń jà nítorí okùn tí à ń sá aṣọ sí, ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín tọkàntọkàn.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ ìdágbére. Mo bi wọ́n pé ìdágbére sí ibo? Òkè lọ́hùn-ún ni mò ń gbé láti ọjọ́ tí a ti kó wọlé. Ní báyìí, orúnkún mi ti bá mi sọ ọ́ ní gbangba pé òun kò gun àtẹ̀gùn mọ́, bí mo bá fẹ́ máa gùn ún, kí n wá orúnkún mìíràn. Mo ń bọ̀ wá sí yàrá kékeré ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibi ìfọṣọ. Mo sì ń fi ipò alága ẹgbẹ́ ilé wa sílẹ̀. Ìrìn àjò náà kò jìn. Ẹ lè kígbe pè mí láti ibi tí ẹ jókòó sí, n ó sì dáhùn bó bá wù mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àga yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó di àga náà mú kó má baà yẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe dúró.

Fún àwọn àlejò wa: ilé àjọgbé ni èyí. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ àti ìkòkò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n a jọ ni pálọ̀ ńlá tí ẹ wà nínú rẹ̀ yìí, a jọ ni ilé ìdáná ńlá tó wà lẹ́yìn yín, a jọ ni àgbàlá. Kò sí ọlọ́rọ̀ kan tó kọ́ ọ fún wa. Àwa la wá ilẹ̀, àwa la jókòó ti ọmọbìnrin tó ya àwòrán ilé náà títí orí fi fọ́ ọ, àwa la sì gbé e dé ibi tí ẹ bá a yìí. Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?

Iṣẹ́ búrẹ́dì ni mo fi ayé mi ṣe. Kí àwọn èèyàn tó jí ni oníbúrẹ́dì ti ń po ìyẹ̀fun. Nígbà tí wọ́n bá ń jáde lọ síbi iṣẹ́, oorun ni òun ń sùn. Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti olóògbé ọkọ mi ṣe gbé ayé wa. Mo mọ ẹni tó fẹ́ búrẹ́dì tí ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n dáadáa, mo mọ ẹni tó fẹ́ èyí tó rọ̀, mo sì mọ ẹni tí yóò tẹ gbogbo rẹ̀ wò kó tó mú ti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí léèrè ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo rò pé bí ayé ṣe rí nìyẹn.

Ó dọjọ́ kan, àbúrò mi obìnrin, ẹni tó jókòó síbẹ̀ yẹn tó ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n má sọ ọ́. N ó sọ ọ́. Ó ń dá gbé lókè pátápátá nínú ilé gíga kan, ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó yọ̀ nínú balùwẹ̀, itan rẹ̀ sì kán. Ìrọ̀lẹ́ ni mo gbé búrẹ́dì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo fi kọ́kọ́rọ́ tí ó fún mi ṣílẹ̀kùn, mo bá a nílẹ̀. Lẹ́yìn tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ohun tó sọ fún mi ni pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn. Mo ti mọ ẹni tó ń wọ bàtà gíga, mo mọ ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀. Mo pariwo, ó jọ pé wọ́n rò pé tẹlifíṣọ̀n ni. Mo ní kí n pe ẹnì kan lórúkọ, ni mo bá rí i pé mi ò mọ orúkọ ẹnì kankan.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Odindi ilé tó kún fún èèyàn, ẹni tó ṣubú nínú rẹ̀ kò sì rí orúkọ kan pè. Ṣé ilé nìyẹn, àbí àpótí?

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ. Ẹ̀yin náà mọ Nọ́ọ̀sì wa, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó di ẹsẹ̀ àbúrò mi tán, ó ní, “Ìyá, ìyá tèmi náà ń dá gbé. Bí mo bá ń tọ́jú ìyá ẹlòmíràn, òun ni mò ń rò. Bí ẹ bá rí ibi tí ẹ lè máa gbé pẹ̀lú èèyàn, ẹ bá wa wá àyè.” Ó fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Èmi kò gbà á bí ẹ̀fẹ̀.

Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi la ti bẹ̀rẹ̀ ìpàdé, nítorí pé ooru ààrò máa ń mú kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìyẹ̀fun wà lórí gbogbo àga. Bí ẹ bá rí ẹni tí ìdí ṣòkòtò rẹ̀ funfun ní àdúgbò, ẹ ti mọ ibi tó ti ń bọ̀. Èmi àti àbúrò mi wà níbẹ̀, Nọ́ọ̀sì àti ìyá rẹ̀, Káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀, àti àwọn ìdílé mìíràn tí wọ́n gbọ́ sí i. Onígbàjámọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. A kò pè é. Búrẹ́dì ló wá rà. Ó gbọ́ tí à ń jiyàn, ó ní kí wọ́n bá òun di búrẹ́dì náà pa mọ́, ó jókòó, ó ní, “Mi ò gbà.” A kò tíì dábàá nǹkan kan.

Láti ọjọ́ yẹn ni a ti ń pè é ní Bàbá Mi-Ò-Gbà. Bàbá, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Bàbá ní àwọn ò dìde. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

A ní ká ní ilé ìdáná kan tí gbogbo wa yóò máa lò lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá ní, “Mi ò gbà. Ẹni tí mi ò tan mọ́, kí ló fẹ́ wò nínú ìkòkò mi?” A ní ká kun ilẹ̀kùn ní àwọ̀ ewé, ó ní àwọ̀ ilé ìwòsàn nìyẹn. Ọmọbìnrin tó ń ya àwòrán fi fèrèsé Bàbá sí ìhà títì, Bàbá ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wo òun nígbà tí òun bá ń fá irùngbọ̀n. Ọmọ náà pa á rẹ́, ó tún un yà, ó tún pa á rẹ́. Ọmọ mi, mo rí ọ níbẹ̀. Sùúrù rẹ kò lẹ́gbẹ́.

A rí ilẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ló wà níbí, òrùlé rẹ̀ ti jìn, koríko ti gba inú rẹ̀. Inú wa dùn. Àwọn ará títì yìí ni inú wọn kò dùn. Ẹ má bojú wolẹ̀, a ti ń fi í rẹ́rìn-ín tipẹ́. Wọ́n gbọ́ pé ìdílé púpọ̀ fẹ́ wá máa gbé pọ̀, wọ́n ní irú àwọn èèyàn wo nìyẹn? Ìyá àgbà tó ń gbé ní ilé òdìkejì ló kó wọn sòdí lọ sí ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́, wọ́n ní ariwo wa yóò pọ̀ jù. Ìyá, ṣé irọ́ ni mo pa? Wọ́n ní kì í ṣe irọ́, pé ariwo wa pọ̀ lóòótọ́.

Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀. Ìpìlẹ̀ dé ilẹ̀, ògiri yọ. Lọ́sẹ̀ kan, òjò rọ̀ títí, ó rọ̀ bí ẹni pé wọ́n gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn ọ̀run. Nígbà tí a débí, ògiri ẹ̀yìn ti wó, ó dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀. A dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì náà dé, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ wò, wọ́n ní ilẹ̀ náà rọ̀ ju bí a ṣe rò lọ, kí a dá iṣẹ́ dúró, kí a tún àwòrán yà, kí a sì dúró de èsì. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró de èsì rí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, òjò tún dé, ewé hù lórí òkìtì iyanrìn wa.

Àwọn ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò bá wọn wí, ọmọ ń dàgbà, èèyàn ò lè gbé inú àwòrán. Èyí tó dùn mí jù ni Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù, Tíṣà kò lè wo ojú mi, ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́: “Ẹ má bínú, Mà. Ó ti rẹ̀ wá.” Mo di búrẹ́dì fún wọn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo wo àwọn àga tó ṣófo, ó rẹ èmi náà.

Nípàdé tó tẹ̀ lé e, mo dìde. Mo ní, “Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti gbìyànjú, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ta ilẹ̀ náà, kí kálukú wá ibi tí orí bá gbé e sí.” Káfíńtà ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń fọwọ́ pa ọmọ lórí. Nọ́ọ̀sì ń nu ojú. Ni Bàbá bá wúkọ́.

Ó ní, “Mi ò gbà.”

Inú bí mi. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, láti ọjọ́ tí a ti pàdé lẹ ti ń sọ pé ẹ ò gba ilé yìí. Ẹ ti wá borí báyìí, kí ló tún kù?”

Ó ní, “Mo ní mi ò gba ilé ìdáná. Mo ní mi ò gba àwọ̀ ilẹ̀kùn. Mo ní mi ò gbà kí fèrèsé mi kọjú sí títì. Ṣé ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí pé mi ò gba ilé? Ẹni tí kò fẹ́ ilé, kí ló kàn án nípa ibi tí fèrèsé kọjú sí?”

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, rédíò ni mò ń bá jiyàn. Rédíò kì í dáhùn. Ẹ̀yin ń dáhùn. Bí ẹ bá ta ilẹ̀ yìí, ibo ni kí n máa lọ sọ pé mi ò gbà?”

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wa bá a rín in, títí tí a kò fi mọ ìgbà tí ẹ̀rín di ẹkún. A kò ta ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí lèèyàn ń ṣe lórí ilẹ̀ tí wọ́n ní kó má kọ́ nǹkan kan sí? Ìyàwó Káfíńtà ló rí i ṣe. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu pé, “Màmá, níbo ni yàrá wa wà gan-an?” Ó mú okùn àti èèkàn lọ́jọ́ Sátidé kan, ó gba àwòrán lọ́wọ́ ọmọbìnrin wa, ó fi okùn ta gbogbo ilé náà sílẹ̀: pálọ̀ rèé, ilé ìdáná rèé, ẹnu ọ̀nà kálukú rèé. Ni a bá gbé àga wá, oníkálukú jókòó sínú yàrá rẹ̀. Àbúrò mi ṣí agbòòrùn sórí tirẹ̀. Àwọn tí òkè jẹ́ tiwọn, irú èmi, wọ́n ní ká lọ dúró sórí òkìtì iyanrìn.

A bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wa nílé. Nọ́ọ̀sì á dúró níwájú okùn, á fi ẹnu ṣe “kọ́ kọ́ kọ́,” àbúrò mi á ní, “Ta nìyẹn? Wọlé, ilẹ̀kùn ò tì.” Káfíńtà gbàgbé, ó ré okùn kọjá, ó bọ́ sí yàrá Bàbá. Bàbá ní, “Ògiri lo gbà wọlé yẹn. Padà, kí o gba ẹnu ọ̀nà.” Káfíńtà, tó tóbi tó yẹn, padà, ó kanlẹ̀kùn tí kò sí, ó dúró dìgbà tí wọ́n dá a lóhùn. Gbogbo Sátidé la fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, a ó jẹun tán, a ó ro koríko, a ó ká okùn, a ó padà sí ilé tí à ń háyà. Mo wá rí i níbẹ̀ pé a ti ń gbé pọ̀. Ògiri ló kù tí kò tíì dé.

Àwọn ará títì ń yọjú lójú fèrèsé, wọ́n gbà pé orí wa ti yí. Sátidé kan, Ìyá òdìkejì sọdá. A rò pé wọ́n tún wá bá wa jà ni. Wọ́n rìn yí okùn ká títí wọ́n fi rí ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró, wọ́n ní, “Ṣé ẹ wà nílé?” Mo ní, “A wà ńlé, Mà, ẹ wọlé.” Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n bi wá léèrè ohun tí à ń ṣe gan-an, àbúrò mi sì sọ ìtàn balùwẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní, “Èmi náà ń dá gbé.” Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá kó àwọn ará títì jọ, wọ́n tún lọ sí ọ́fíìsì yẹn, lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní kí wọ́n tètè dá wa lóhùn, pé ó ti sú àwọn láti máa rí àgbàlagbà lórí òkìtì iyanrìn. Ìwé àṣẹ jáde. Bó pẹ́ títí, akólòlò á pe baba.

Ẹ̀yin bíríkìlà gbẹ́ ìpìlẹ̀ jìn, ògiri dúró, òrùlé gòkè. Nígbà náà ni Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ pé ṣé àyè ṣì wà. Àwọn kan láàárín wa ní, ṣé ìgbà tí oúnjẹ jinná ni wọ́n mọ ọ̀nà? Mo wà lára wọn. Àbúrò mi ló bi wá pé, “Ta ni nínú wa tí ọkàn rẹ̀ kò tíì fi ibí sílẹ̀ rí? Tiwọn kàn gbé ẹsẹ̀ wọn dání lọ ni.” Ó wò mí nígbà tó sọ ọ́. Tíṣà, ìwọ lo ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò lórí tábìlì yìí lójoojúmọ́. Inú mi dùn pé a gbọ́ ti àbúrò mi.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin. Ahọ́n àti eyín ń jà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ìdílé tó ń lo ẹ̀rọ ìfọṣọ kan ṣoṣo. Èmi fúnra mi, mo mọ̀wọ̀n ara mi: mo máa ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu, mo máa ń jí gbogbo ilé pẹ̀lú ariwo agbada nítorí pé ara mi kò tíì gbà pé mo ti fẹ̀yìn ti iṣẹ́ búrẹ́dì. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ gún ẹnikẹ́ni lára, ẹ dárí jì mí. Èèyàn tí kì í ṣẹ ará ilé rẹ̀, bóyá kò ní ará ilé ni.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí. Lóṣù tó kọjá, Bàbá kò jáde wá mu tíì láàárọ̀. Kí n tó gbé ife sílẹ̀, Nọ́ọ̀sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, Káfíńtà ń bọ̀ pẹ̀lú irin tó fẹ́ fi já ilẹ̀kùn, àwọn ọmọ ń pe “Bàbá, Bàbá” lójú fèrèsé. Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá yọ orí, ojú wọn wú fún oorun, wọ́n ní, “Ṣé èèyàn ò lè sùn nínú ilé yìí ni?” Inú bí wọn títí di ọ̀sán. Àmọ́ mo rí wọn nígbà tí wọ́n rò pé kò sẹ́ni tó ń wo àwọn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Bí ẹ bá bi mí pé kí la fi di ìrètí mú, n ó sọ pé kò sẹ́ni tó dá a dì mú nínú wa. Lọ́jọ́ tó bọ́ lọ́wọ́ mi, Bàbá ló gbé e. Lọ́jọ́ tó rẹ Bàbá, ìyàwó Káfíńtà ti na okùn. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe irú èyí níbòmíràn, ẹ má wá àwọn tí kì í rẹ̀. Kò sí wọn. Ẹ wá àwọn tí kò ní rẹ gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà.

Ìyàwó Káfíńtà ni ẹ yàn sí ipò alága tuntun. Ọmọ mi, o kú oríire. Gbogbo wa la nawọ́ sókè fún un, àfi ẹnì kan, ẹ sì mọ̀ ọ́n. Mo bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n ní kò sóhun tó ṣe é, pé alága tí gbogbo ayé fẹ́ yóò bàjẹ́ ni.

Ó ku yàrá mi lókè. Ẹ̀yin tọkọtaya tó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn, awakọ̀ àti aránṣọ wa, ẹ sún mọ́ mi. Gbogbo Sátidé lẹ ń wá bá wa jẹun, tí ẹ tún ń padà sínú yàrá híhá tí onílé ti kìlọ̀ fún yín pé òun kò fẹ́ ẹkún ọmọ. Ẹ ń dúró de àyè, ẹ kò sì béèrè rí. Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà rèé, ẹ gbà á. Ìwọ ìyàwó, má kúnlẹ̀, wo bí inú rẹ ṣe rí.

Kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ láyọ̀. Kí ilé yìí má wó mọ́ wa lórí. Kí ẹni tó ń dá gbé níbikíbi rí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Kí àwọn ará òdìkejì máa rí ẹsẹ̀ sọdá. Kí alága tuntun ṣe é ju tèmi lọ, kí Bàbá sì pẹ́ láyé kí wọ́n lè máa ta kò ó.

Ẹ̀yin tọkọtaya, nígbà tí ọmọ yẹn bá dé, tó bá ń sunkún láàjìn, ẹ má wá bẹ ẹnikẹ́ni láàárọ̀. Ariwo rẹ̀ la ti ń retí láti ọjọ́ yìí. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé gidigidi.